Ọgbà lórí òrùlé ilé ìwòsàn ńlá: ta ni yóò máa bomi rin ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn?

Ìbéèrè

Òkun o, gbogbo ilé. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa, níbí ní Ìwọ̀-oòrùn Kogí, ń bá ilé ìwòsàn ńlá kan tí ó wà ní àdúgbò wa kọ́ ilé alájà mẹ́ta tuntun. Ọmọ ìlú wa kan tí ó wà ní òkè òkun ni ó dá èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó náà, ó sì ti fi àwòrán ránṣẹ́. Ó fẹ́ kí a gbin koríko, òdòdó àti ẹ̀fọ́ sí orí gbogbo òrùlé ilé ìwòsàn náà, ti àtijọ́ àti ti tuntun. Àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ ní àṣejù ni, wọ́n ní ilẹ̀ kò wọ́n wa. Àwọn ọ̀dọ́ ní ọ̀làjú ni. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́, èmi ni yóò sì kọ èsì sí i kí oṣù yìí tó parí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ilé kíkọ́, kí ni kí n kọ?

* * *

Ẹ kọ ọ́ pé ẹ gbà, ṣùgbọ́n pé kì í ṣe lórí gbogbo òrùlé.

Èyí tí ó jẹ́ páànù, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà pátápátá. Igi tí ó wà lábẹ́ páànù, nítorí páànù nìkan ni a ṣe kàn án, àti nítorí káfíńtà kan tàbí méjì tí yóò gùn ún bí ó bá ń jò. Kò sí ẹni tí ó ka erùpẹ̀ tútù mọ́ ọn nígbà tí wọ́n ń kàn án. Àwọn ilé àtijọ́ tí ó wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn yín, bí wọ́n bá rí bí ọ̀pọ̀ irú wọn ṣe rí ní agbègbè wa, onípáànù ni gbogbo wọn, nítorí náà ìdajì àwòrán ọmọ ìlú yín ti wọ́lẹ̀ nìyẹn.

Bí ó bá jẹ́ dẹ́kì, ìyẹn òrùlé kọnkéré pẹlẹbẹ, ìṣirò ni ó kù. Dẹ́kì tí a ṣe kí ènìyàn lè máa rìn lórí rẹ̀, ẹrù tí àwọn ẹnjiníà sábà máa ń kà sí i lọ́rùn, yàtọ̀ sí ìwọ̀n ara rẹ̀, jẹ́ nǹkan bíi kílógírámù 150 lórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò ní máa gùn àfi alátùn-únṣe kò ju ìdajì èyí lọ. Ẹ wá wo erùpẹ̀ oko lásán: bí òjò bá ti rin ín gbingbin, mítà kúbíkì kan rẹ̀ lè wọ̀n tó kílógírámù 1,800. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ sí orí dẹ́kì ní jíjìn sẹ̀ǹtímítà 30, èyí tí ata àti tòmátò nílò kí wọ́n tó lè so dáadáa, kílógírámù 540 ni ẹ gbé lé mítà onígun mẹ́rin kan. Ká ní dẹ́kì náà jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 200, tọ́ọ̀nù 108 nìyẹn, ẹrù tí típà ńlá márùn-ún kò ní kó tán, a sì wá dà á lé orí àwọn tí ara wọn kò dá.

Àwọn ará Jámánì, tí wọ́n ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, pín in sí oríṣi méjì. Èkínní ni èyí tí erùpẹ̀ rẹ̀ kò jìn, tí kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, tí a fi àdàlù fífúyẹ́ ṣe dípò erùpẹ̀ oko, tí a sì gbin ewéko kéékèèké tí kò fẹ́ wàhálà sí. Bí ó bá tutù tán, ó máa ń wà láàárín kílógírámù 60 sí 150 lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Èkejì ni ọgbà gidi, tí ó ní igbó kéékèèké, ẹ̀fọ́ àti ibi ìjókòó, èyí tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi kílógírámù 180, tí ó sì lè kọjá 500. Àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín, ọgbà gidi ni. Ohun tí ilé yín lè gbé, àfi bí wọ́n bá tún ìṣirò rẹ̀ ṣe kí wọ́n tó da kọnkéré, oríṣi àkọ́kọ́ ni.

* * *

Mo ti ka èsì àwọn tí wọ́n dá sí i lẹ́yìn mi. Èyí tí ó gbóná jù wá láti Ìsánlú: ó ní ẹni tí ó ní ilẹ̀ gbalasa lẹ́yìn ilé ìwòsàn, tí ó wá lọ ń gbin tẹ̀tẹ̀ sí orí òrùlé, kí a wá babaláwo fún un. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀ dé ìdajì ọ̀nà.

Àwọn tí ń kó fọ́tò òkè òkun wá kò sábà sọ ibi tí fọ́tò náà ti wá. Ilé ìwòsàn Khoo Teck Puat tí wọ́n ṣí ní Yishun, ní Singapore, ní ọdún 2010, ní ọgbà ẹ̀fọ́ àti èso lórí òrùlé, àwọn ará àdúgbò tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn ni wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀. Boston Medical Center ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ oko tirẹ̀ ní ọdún 2017 lórí òrùlé ilé tí ẹ̀rọ iná wọn wà, ẹ̀fọ́ ibẹ̀ ń lọ sí ilé ìdáná àwọn aláìsàn àti sí ibi tí wọ́n ti ń fi oúnjẹ ta àwọn aláìní lọ́rẹ. Ibi méjèèjì yìí, ilẹ̀ wọ́n níbẹ̀ bí ojú. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ torí ẹ̀fọ́ ni, ẹ gbin ẹ̀fọ́ sílẹ̀. Yóò dára jù, yóò pọ̀ jù, kò sì sí ẹni tí yóò gbé kẹ́ẹ̀gì omi gun àtẹ̀gùn nítorí rẹ̀.

Ìdajì tí n kò gbà ni pé ẹ̀fọ́ nìkan kọ́ ni òrùlé ewéko wà fún. Ó ń bo dẹ́kì lójú oòrùn, ó ń dá omi òjò dúró díẹ̀ kí ó má baà ya wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń fún ẹni tí ó wà lórí ibùsùn ní ohun tí ó lè máa wò. Èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí ni ó ní ẹ̀rí tí a lè dì mú. Ní ọdún 1984, Roger Ulrich tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Ó yẹ àkọsílẹ̀ àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ òróòro wò, ní ilé ìwòsàn kan ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1972 sí 1981. Àwọn 23 tí fèrèsé wọn kọjú sí igi, ó fi wọ́n wé àwọn 23 tí fèrèsé tiwọn kọjú sí ògiri bíríkì. Àwọn tí ń wo igi tètè lọ sílé ju àwọn yòókù lọ, wọn kò sì lo oògùn ìrora líle tó wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé igi tí ó wà nílẹ̀ ni àwọn aláìsàn wọ̀nyẹn ń wò láti ojú fèrèsé. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tí ó gun òrùlé. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìwádìí yìí ti ọgbà orí òrùlé lẹ́yìn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bèèrè òrùlé wo ni ẹni tí ó dùbúlẹ̀ ń rí. Òrùlé òkè pátápátá lórí àjà kẹta, àwòdì nìkan ni ó ń rí i. Èyí tí aláìsàn ń rí ni òrùlé kúkurú tí ó yọ síwájú, lórí ibi tí àwọn aláìsàn tí kì í sùn ti máa ń jókòó de dókítà, tàbí lórí ọ̀nà tí ó so ilé méjì pọ̀. Dẹ́kì bẹ́ẹ̀ sábà máa ń kéré, ó súnmọ́ ilẹ̀, omi kò nira láti gbé débẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ń tọ́ka sí.

* * *

Akọ̀wé ẹgbẹ́ padà wá. Ó ní ilé tuntun náà ní irú dẹ́kì bẹ́ẹ̀ níwájú, pé wọn kò tíì da kọnkéré rẹ̀, àti pé kọ́ńtíráátọ̀ ti sọ pé kí a má da ara wa láàmú, òun yóò kàn fi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún kún nínípọn rẹ̀, yóò sì lè gbé ohunkóhun.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀. Mítà kúbíkì kọnkéré kan ń wọ̀n nǹkan bíi kílógírámù 2,400, nítorí náà sẹ̀ǹtímítà márùn-ún tí ó fẹ́ fi kún un yẹn, òun fúnra rẹ̀ jẹ́ kílógírámù 120 lórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, kí ewé kan ṣoṣo tó débẹ̀. Irin inú dẹ́kì, bí ó ti nípọn tó àti bí wọ́n ti tò ó súnmọ́ra tó, òpó tí ó gbé e, àti ìpìlẹ̀ tí ó gbé òpó, gbogbo wọn ni wọ́n jọ ń gbé ẹrù náà. Ẹnjiníà tí ó ya àwòrán ilé ni ó gbọ́dọ̀ tún un ṣírò, kí ó kọ iye kílógírámù tí dẹ́kì náà lè gbé sí orí àwòrán, kí ó sì fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ ẹnu kọ́ńtíráátọ̀ kò tó. Bí wọn kò bá tíì da kọnkéré lóòótọ́, àsìkò tí ọ̀rọ̀ yìí kò wọ́n rárá ni ẹ wà yìí. Lẹ́yìn tí wọ́n bá dà á tán, ẹ̀bẹ̀ ni yóò kù.

* * *

Ẹnì kan ní mo ń dẹ́rù ba ènìyàn, pé dẹ́kì kì í ṣàdédé wó. Kì í ṣe wíwó ni mo ń bẹ̀rù jù. Jíjò ni.

Ilé ìwòsàn kan, tí n kò ní dárúkọ, pè mí nígbà kan nítorí omi tí ń kán sí ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ wọn. Wọ́n ti kun ọ̀dà nínú àjà, wọ́n tún un kùn, omi kò dáwọ́ dúró. Nígbà tí mo gun òrùlé, ọgbà ni mo bá níbẹ̀, ọgbà tí ẹnikẹ́ni kò gbìn. Eruku ọyẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún àti ewé màngòrò ti kóra jọ sí igun tí ojú ihò omi wà, ọ̀rá omi mímu ti dí ihò náà, ọdán kan sì ti hù láàárín dẹ́kì àti ògiri etí òrùlé, ó ga dé orúnkún. Nígbà tí mo fà á, gbòǹgbò rẹ̀ ré sìmẹ́ńtì ojú ibẹ̀ jáde, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, félítì dúdú tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, èyí tí a tẹ́ kí omi má baà wọ dẹ́kì, sì ti là gbọọrọ. Ẹyẹ ni ó ṣu èso ọdán síbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó gun orí òrùlé yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ilé náà, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ wà.

Ẹ̀fọ́ kọ́ ni yóò ba félítì yín jẹ́. Ọdán ni, àti mẹlínà, àti ewé Akíntọ́lá tí atẹ́gùn ń gbé irúgbìn rẹ̀ kiri. Ìdí nìyí tí a fi máa ń tẹ́ ọ̀rá líle kan tí gbòǹgbò kò lè gún sí orí félítì kí a tó tẹ́ ohunkóhun mìíràn, tí a sì máa ń fi òkúta wẹ́wẹ́ lásán, láìsí ewéko, yí gbogbo ògiri àti gbogbo ihò omi ká, ní fífẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 50. Ojú ihò omi kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní àpótí oníhò tí ó ní ìdérí, tí ènìyàn lè ṣí kí ó tọwọ́ bọ inú rẹ̀. Bí ẹ kò bá lè rí ojú ihò omi láìkọ́kọ́ wú ewéko, wọ́n ti ba iṣẹ́ náà jẹ́.

Bí òjò ńlá bá rọ mìlímítà 50 lórí dẹ́kì mítà onígun mẹ́rin 200, lítà 10,000 ni omi tí ó dé síbẹ̀. Àgbàrá òjò kò lóun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ihò omi méjì ó kéré tán, kí ọ̀kan lè ṣiṣẹ́ bí èkejì bá dí, àti ẹnu kékeré kan lára ògiri etí òrùlé, tí omi yóò gbà tú síta bí méjèèjì bá dí, kí ìsàlẹ̀ lè rí i pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ lókè.

* * *

Omi tí ó pọ̀ jù ni mo sọ lókè yẹn. Omi tí kò tó ni ó máa ń pa àwọn ọgbà wọ̀nyí ní tiwa, òun sì ni ohun tí mo fẹ́ kí akọ̀wé kọ sínú lẹ́tà rẹ̀ ní ìlà àkọ́kọ́.

Òjò wa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Igbe, ó ń dáwọ́ dúró nínú oṣù Ọ̀wàrà. Láti Bélú títí di Ẹrẹ́nà, oṣù márùn-ún gbáko, ọyẹ́ àti oòrùn ni. Ẹ̀fọ́ tí ó wà ní gbangba lórí dẹ́kì ní oṣù Èrèlé lè gba nǹkan bíi lítà márùn-ún omi lójúmọ́ lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Fún mítà 200, lítà 1,000 lójúmọ́ nìyẹn, táǹkì dúdú kékeré kan odindi. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún oṣù márùn-ún, lítà 150,000. Àsìkò yìí gan-an ni bọ́ọ̀hóòlù máa ń rẹlẹ̀, tí iná ọba kì í dúró, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń fi kẹ́ẹ̀gì pọn omi lọ sí yàrá ìgbẹ̀bí. N kò lè fẹnu mi sọ pé kí a fi omi yẹn bomi rin òdòdó, ẹ̀yin náà kò sì ní lè sọ ọ́ níwájú mátírọ́nì.

Ẹnì kan ní kí a gbe omi òjò pamọ́ láti orí àwọn páànù tí a kò ní gbin nǹkan sí. Mìlímítà òjò kan lórí mítà onígun mẹ́rin kan jẹ́ lítà kan, nítorí náà páànù fífẹ̀ yóò kó omi tí ó pọ̀ dáadáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n lítà 150,000 gba táǹkì oní-10,000 mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tí ó bá lówó táǹkì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ó rà wọ́n fún yàrá ìgbẹ̀bí.

Ẹlòmíràn, tí ó dà bí ẹni pé iṣẹ́ fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ni ó ń ṣe, ní kí a lo omi tí ń kán lára ẹ̀rọ amúlétutù. Ọgbọ́n tí ó dára ni, omi náà mọ́, ó sì ń ṣòfò lójoojúmọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé láti inú ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ni omi náà ti ń wá. Nígbà òjò tí afẹ́fẹ́ tutù, ó ń kán ṣùrùṣùrù. Nígbà ọyẹ́ tí ètè ń là, tí ewéko ń kígbe omi, ẹ̀rọ yẹn kò ní omi kankan láti kán. Ẹ lò ó fún ìkòkò òdòdó mélòó kan lẹ́nu ọ̀nà, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ńkọ́? Rárá. Omi tí a fi fọ aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ àti blíìṣì kò gbọdọ̀ gun òrùlé.

* * *

Èyí mú mi dé orí ohun tí ó yẹ kí a gbìn, tí kò ní béèrè omi. Àwọn ará Yúróòpù ní ewéko kan tí wọ́n ń pè ní sedum, tí ewé rẹ̀ nípọn. Inú òtútù ni ó ti mọ̀ ọ́n gbé. Ẹ má náwó gbé e wọ̀lú.

Agbègbè wa kún fún àpáta. Ẹ lọ sí Ògìdì, tàbí ẹ gun èyíkéyìí nínú àwọn òkè tí ó yí Kàbà ká, kí ẹ wo ohun tí ó hù sí ojú òkúta lásán. Níbẹ̀, erùpẹ̀ kò jìn ju ìka lọ, oòrùn ń jó o láti àárọ̀ di alẹ́, kò sí ẹni tí ń bomi rin ín, síbẹ̀ nǹkan ń hù. Koríko kan wà tí ó máa ń bo ojú àpáta bí ẹní, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Afrotrilepis pilosa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó gbẹ kanlẹ̀, ẹ ó rò pé ó ti kú, ṣùgbọ́n bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀, yóò tún jí. Irú èyí ni òrùlé wa ń wá. Bákan náà ni pápásan, tí ó ń hù láàárín bíríkì láìsí ẹni tí ó pè é, àti ọ̀dúndún àti àbámọdá tí ń fi omi pamọ́ sínú ewé. Gbúre náà ń rọ́jú. Bí ewé rẹ̀ bá tilẹ̀ lọ ní ẹ̀ẹ̀rùn, ó lè tún rú láti ìdí nígbà òjò, ó sì tún ṣe é jẹ.

Mo gba akọ̀wé níyànjú pé kí wọ́n bá àwọn olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà ní Kàbà sọ̀rọ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ gbìn wọ́n sínú àwọn àwo pẹlẹbẹ tí a dá ihò sí nílẹ̀, láti òjò kan títí dé òjò kejì. Èyí tí ó bá la oṣù Èrèlé já ni kí ó gun òrùlé. Inú àwo bẹ́ẹ̀ náà ni mo fẹ́ kí wọ́n wà lókè, dípò kí a da erùpẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí ọjọ́ tí dẹ́kì bá jò, a ó gbé àwo mẹ́rin márùn-ún kúrò, a ó rí ojú ibi tí ó là. Fún erùpẹ̀ inú rẹ̀, àfọ́kù bíríkì tí a gún wẹ́wẹ́ ni kí ó pọ̀ jù, kí ilẹ̀ dúdú díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù kò gbọdọ̀ débẹ̀, nítorí eṣinṣin.

* * *

Nọ́ọ̀sì kan kọ̀wé pé àwa ọkùnrin ń jiyàn lórí sìmẹ́ńtì, a kò sì bèèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nínú wọ́ọ̀dù. Ó ní àwọn tí ń tọ́jú aláìsàn yóò já efinrin tán ní ọjọ́ méjì, wọn yóò sì sá ìró àti tówẹ̀lì sí orí koríko yòókù. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ẹ wo pápá koríko èyíkéyìí nínú ọgbà ilé ìwòsàn. Ìdáhùn mi ni pé kí òrùlé yìí jẹ́ ti wíwò, kí ó má jẹ́ ti gígùn, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì. Bí wọ́n bá fẹ́ kí aláìsàn máa jókòó níbẹ̀, ọ̀rọ̀ di òmíràn: ògiri etí òrùlé gbọ́dọ̀ ga tó mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ lè débẹ̀, ọjọ́ tí iná bá sì lọ, ẹ̀rọ agbéni-ròkè kò ní gbé e sọ̀kalẹ̀. Ìlú wa kò tíì tó bẹ́ẹ̀.

Ó tún bèèrè nípa àrùn, ó sì tọ̀nà. Inú erùpẹ̀ àti ewé jíjẹrà ni èbu kan tí ń jẹ́ Aspergillus ń gbé. Ẹni tí ara rẹ̀ le ń fà á símú lójoojúmọ́ láìsí ewu, ṣùgbọ́n ẹni tí ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, tí ọmọ ogun ara rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì, lè bá a lọ. Nítorí náà, kí ọgbà má ṣe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé irú wọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀, tàbí lẹ́bàá ibi tí ẹ̀rọ yàrá iṣẹ́ abẹ ti ń fa afẹ́fẹ́. Ẹni tí ń tọ́jú ọgbà gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, kò sì gbọdọ̀ gba àárín wọ́ọ̀dù gòkè pẹ̀lú bàtà erùpẹ̀. Ní ti ẹ̀fọn, ẹyin rẹ̀ lè di ẹ̀fọn tí ń fò láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Bí omi kò bá dúró lábẹ́ àwo ju ọjọ́ méjì lọ, kò ní rí àyè. Ejò tí ẹnì kan dárúkọ, n kò kà á sí.

* * *

Iná wá ńkọ́? Ó yà mí lẹ́nu pé kò sí ẹni tí ó bèèrè. Ní oṣù Ọ̀pẹ àti Ṣẹ́rẹ́, igbó sísun ń lọ káàkiri agbègbè wa, ẹ̀ṣẹ́ná sì lè fò jìnnà bí atẹ́gùn ọyẹ́ bá gbé e. Koríko gbígbẹ lórí òrùlé ilé tí àgbá ọ́síjìn wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun àwàdà. Ohun mìíràn tí òkúta wẹ́wẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan wà fún nìyẹn. Kí ẹ sì tún fi ọ̀nà òkúta bẹ́ẹ̀ la àárín ọgbà kọjá. Ewéko oní-ewé-nípọn kì í tètè gbaná. Koríko gíga ni ó ń gbaná, ẹ má gbìn ín.

* * *

Ẹnì kan ń jà fún sólà: ó ní ilé ìwòsàn tí ń ra dísù fún jẹnẹrétọ̀ lójoojúmọ́ kò ní òrùlé tí yóò fi ṣeré. Mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Òrùlé òkè pátápátá, tí aláìsàn kò rí, sólà ni kí ẹ fún. Bí ó bá jẹ́ ooru ni ẹ fẹ́ lé kúrò nínú wọ́ọ̀dù àjà kẹta, òjìji sólà yóò ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀, kí ẹ fi ọ̀dà funfun kun ibi tí ó bá ṣẹ́kù. Ọ̀dà funfun kò dára ní fọ́tò bí òdòdó, ṣùgbọ́n kì í mu omi.

* * *

Akọ̀wé tún padà. Ó ní ẹgbẹ́ ti gbà pé kí ó jẹ́ dẹ́kì iwájú nìkan, ó sì fẹ́ mọ ohun tí ó yẹ kí ó wà nínú ìwé àdéhùn, kí ọmọ ìlú wọn má baà rò pé àwọn ti gé ẹ̀bùn rẹ̀ kúrú.

Ẹ sọ fún un pé owó tí ó ṣẹ́kù yóò gbin igi sílẹ̀ níwájú fèrèsé àwọn wọ́ọ̀dù àtijọ́, irú ibi tí Ulrich gan-an ti rí ohun tí ó rí. Ẹ ní kí ó ya apá kan sọ́tọ̀ fún owó oṣù ẹni tí yóò máa gun òrùlé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà òjò, láti fa ọdán tu kí ó tó ga ju ìka lọ àti láti tọwọ́ bọ ojú ihò omi. Àwọn olówó ilé òkè òkun fẹ́ràn láti sanwó ilé, wọn kì í rántí owó olùtọ́jú. Kí orúkọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ wà lára ògiri ọ́fíìsì àwọn tí ń tún ilé ṣe.

Ní ti kọ́ńtíráátọ̀, ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé owó kan yóò kù lọ́wọ́ yín títí a ó fi dán dẹ́kì wò. Nígbà tí félítì bá ti gbẹ, tí ẹnjiníà sì ti ní dẹ́kì lè gbà á, ẹ dí gbogbo ihò omi, ẹ bu omi sí i títí yóò fi jìn tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 48. Kí ẹnì kan jókòó sínú yàrá tí ó wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ó máa wo àjà, pàápàá àwọn igun àti ibi tí páìpù ti gba inú dẹ́kì kọjá. Bí ó bá rí ojú tútù tí ó tó owó ẹyọ kan péré, kí félítì náà di títún tẹ́ lówó kọ́ńtíráátọ̀, kí ẹ tún omi bù, kí àwo ewéko kankan má sì gun òkè títí àjà yóò fi gbẹ.